Ohùn Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní ìlú Ṣakí

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí Alukoro wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé a óò ka gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ti ṣe láàárín ọdún mẹ́wàá. Akọ̀wé ti kọ ìyẹn sínú ìwé ìrántí yìí kan náà, ẹ óò rí i kà, àwòrán sì wà níbẹ̀. A wá tọrọ ààyè lọ́wọ́ Ààrẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, tí kò tíì parí, tí kò sì lè parí bí ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí kò bá dá sí i. Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ni.

A rí i tí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn ń wojú ara wọn. Kásẹ́ẹ̀tì ni ike pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tó ní ihò méjì láàárín, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ wé sínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Philips ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1963, ṣùgbọ́n ní Òkè-Ògùn tiwa, láti nǹkan bí 1975 títí dé 1995 ni ó jọba. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìrọ̀ wa ẹ rántí. Bàbá tó ta tábà ní Ìsẹ́yìn, bàbá tó ta òwú tàbí iṣu ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹni tó ti ìdí òwò dé láti Pàràkú, nǹkan tó máa ń kọ́kọ́ rà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni rédíò onítéèpù. Bátìrì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni ó ń jẹ. Tí bátìrì bá ń kú lọ, ohùn olórin á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, àwa ọmọdé á sì lọ sá bátìrì sí oòrùn kí ó lè lò díẹ̀ sí i. Tí okùn bá tú, bírò la fi ń ká a padà. Kò sí ẹni tó kọ́ wa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí, oríṣi kásẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú ilé wa, ọ̀tọ̀ ni bí ẹ ṣe gbọ́dọ̀ fojú wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tí a rà lọ́jà. Ọdọláyé Àrẹ̀mú ti Ìlọrin pẹ̀lú dàdàkúàdà rẹ̀, Ògúndáre Fọ́yánmu ti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìjálá, Àlàbí Ògúndépò tí í ṣe ọmọ Ṣakí wa níbí, Hárúnà Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, àti àwọn tí Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, Odídẹrẹ́ Ayékòótọ́, gbé jáde lábẹ́ Olatubosun Records. Ohun iyebíye ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ti ilé yín bá bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí ti ilé kejì ṣì dára, kí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà níbòmíràn.

Èkejì ni èyí tí ẹnì kan nínú ilé gbé téèpù sí àárín agbo, tó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, tó ní kí gbogbo ènìyàn máa bá eré lọ. Ẹkún ìyàwó wà nínú rẹ̀. Rárà wà níbẹ̀, àti dùndún tí wọ́n fi kí bàbá ẹnì kan nígbà tó ń ṣílé, àti ìyẹ̀rẹ̀ tí babaláwo sun, àti wákà àwọn ìyá tó ti Mẹ́kà dé. Adìẹ ń ké níbẹ̀. Ọmọdé ń sunkún, ìyá rẹ̀ ń fún un ní èébú. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, wà ní yàrá ìkàwé káàkiri ayé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbọ́ bí ọdẹ Ṣakí kan báyìí ṣe ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó ń dánu dúró kí ajá tó gbó, inú kásẹ́ẹ̀tì ilé nìkan ló ti lè gbọ́ ọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ tó bá já tàbí tó bá parẹ́, ó parí nìyẹn.

Kí a tó sọ fún yín pé kí ẹ máa tọ́jú tiyín, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe sí tiwa.

Ní 1993, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wá. Rédíò máa ń fi orin fújì sí i ní alẹ́ Sátidé, a sì ti ṣèlérí fún àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ilé ìwé pé a óò gba orin Àyìndé Barrister sílẹ̀ fún wọn. Owó kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kò sí. A wọ yàrá bàbá àgbà wa, a mú ọ̀kan nínú tiwọn, alágbà aláàádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, tí í ṣe ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lójú kan. Wọ́n ti kọ nǹkan sí ara bébà rẹ̀, a kò kà á. Ẹ̀yin tí ẹ lo kásẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé ike kékeré méjì máa ń wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ, téèpù kò ní gbà kí ẹ gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ mọ́. Bàbá àgbà ti ṣẹ́ méjèèjì. A rí i. A mọ ohun tó túmọ̀ sí. A ká bébà páálí sìgá, a fi dí ihò náà, a tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀.

Bàbá àgbà kò bá wa sọ ọ́ títí tí wọ́n fi kú. A kò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀.

Ní ọdún tó kọjá tí a ń paárọ̀ páànù orí ilé ìdílé wa, a rí kásẹ́ẹ̀tì náà nínú agolo mílíìkì, bébà sìgá ṣì wà nínú ihò. A wá téèpù, a fi sí i. Fújì ni fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Lẹ́yìn náà ni ó ró tà, níbi tí a ti pa á ní alẹ́ ọjọ́ yẹn nígbà tí ètò parí lórí rédíò tí a lọ sùn. Lẹ́yìn tà yẹn ni a gbọ́ ohùn ìyá àgbà wa, tí wọ́n ti lọ láti bí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ń ki ọmọ wọn ní oríkì, onílù kan ń tẹ̀lé wọn, obìnrin mìíràn sì ń gbà á lẹ́nu wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀, okùn sì tán.

A gbé e lọ bá àbúrò bàbá wa obìnrin, tí í ṣe ìyàwó ilé ní Ìsẹ́yìn. Bí wọ́n ti gbọ́ ọ ni wọ́n di orí mú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn ni. Wọ́n ní ọdún tí wọ́n pa àwọ̀ owó dà ni. Àwa tí a ń jẹun nídìí báǹkì kò lè gbàgbé ọdún yẹn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni wá nígbà náà, nítorí wọ́n ṣì ń fi kọ́ni lẹ́nu iṣẹ́: oṣù kẹrin 1984 ni ìjọba Bùhárí yí àwọ̀ náírà padà, tí gbogbo ènìyàn tò sí ẹnu ọ̀nà báǹkì. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbéyàwó náà, àti pé owó tuntun ni wọ́n fi ná àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a tún un fi sí i. Lẹ́yìn tí a fi sí i ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n bi wá pé: “Ẹkún tèmi dà? Èmi ni mo kọ́kọ́ sun ẹkún kí Ìyá tó dá mi lóhùn. Bàámi tẹ̀ ẹ́ sí mi létí ní ọjọ́ tí mo wá kí wọn pẹ̀lú oyún àkọ́kọ́. Èwo wá ni tèmi?”

Ìsàlẹ̀ Barrister ló wà. A kò rí èsì fọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́. Kí a sòótọ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní a fẹ́ sọ ẹgbẹ́ di ilé àtúnrédíòṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn sí i fún wọn, gbogbo ilé dákẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín náà ló sì kọ́kọ́ gbé kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Ní báyìí, 79 ló ti wọlé. 46 jẹ́ ti ọjà, 33 jẹ́ ti ilé.

Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ fẹ́ ṣe tiyín fúnra yín. Ohun tó wà lára okùn kásẹ́ẹ̀tì kò ju egunrín irin tó dípẹtà lọ, tí wọ́n fi oje lẹ̀ mọ́ ara ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí àwọn egunrín náà ṣe tò ni ohùn. Ooru a máa sọ oje náà di rírọ̀, ọ̀rinrin a máa jẹ́ kí ó bu, mágínẹ́ẹ̀tì a sì máa tú ètò egunrín ká. Ẹ wá wo ibi tí àwa ń kó tiwa sí: orí àjà lábẹ́ páànù, níbi tí ọwọ́ kò ti lè gba ara páànù ní oṣù kẹta, tàbí orí ẹ̀rọ agbóhùnjáde tí mágínẹ́ẹ̀tì ńlá wà nínú rẹ̀, tàbí abẹ́ ibùsùn níbi tí eruku ọyẹ́ ti ń wọ inú ihò méjèèjì. Ibi tó dára jù nínú ilé ni inú àpótí tó ní ìdérí, nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, kí ẹ tò wọ́n ní ìdúró bí ìwé, kí ó jìnnà sí ilẹ̀.

Èyí tó bá ti bu, tó ní funfun bíi ti búrẹ́dì àná, ẹ má fi sínú téèpù rárá, nítorí ó máa ko àwọn tó kù. Ẹ gbé e sọ́tọ̀. Èyí tó já, ó ṣeé so. Tí ike rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi síkúrúù dè, ẹ tú u, ẹ gbé okùn náà sínú ike mìíràn. Tí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ẹni tó mọwọ́ nìkan ni kí ẹ fà á lé lọ́wọ́. Nínú wa, ẹnì kan ti gbé tirẹ̀ lọ fún oníṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú ńlá pé kí ó kọ ọ́ sínú fláàṣì. Oníṣọ́ọ̀bù kó lọ sí ilé tuntun, kásẹ́ẹ̀tì sì bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé kò sí kásẹ́ẹ̀tì tí yóò kúrò lójú ẹni tó ni ín. Iwájú rẹ̀ ni a óò ti ṣe é, yóò sì gbé e padà lọ ilé lọ́jọ́ náà.

Téèpù tòkunbọ̀ kan ni a rà. Ọ̀kan nínú wa tó ń tún rédíò ṣe ní Ìsẹ́yìn yí bẹ́líìtì rẹ̀ padà. Kí a tó fi kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sí i, a fi òwú tó mu sípírítì nu orí ibi tó ń kàwé ohùn, kí ó sì gbẹ. A kọ́kọ́ máa ń yí kásẹ́ẹ̀tì lọ dópin kí a tún yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí èyí tó ti jókòó fún ogún ọdún a máa lẹ̀ mọ́ra. Wáyà gbé ohùn láti ibẹ̀ bọ́ sínú àpótí kékeré kan, àpótí gbé e sínú kọ̀ǹpútà, Audacity, tí a kò sanwó fún, ló sì ń gbà á sílẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀: kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan gba wákàtí kan. Kò ṣeé sáré ṣe. Àwọn tó fẹ́ kí a parí 79 ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ máa forí jì wá.

Nípa irú fáìlì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí èyí. WAV ni kí ẹ lò. MP3 a máa gé lára ohùn kí ó lè fúyẹ́, ohun tó bá sì ti gé, kò ní padà. IASA, tí í ṣe àjọ àwọn tó ń tọ́jú ohùn àti àwòrán lágbàáyé, ní kí ìwọ̀n rẹ̀ má dín ní 48 kHz àti 24 bit. Ní ìwọ̀n yẹn, wákàtí kan kò ju nǹkan bíi gígábáìtì kan lọ, fláàṣì alágígábáìtì 64 kan yóò sì gba ju kásẹ́ẹ̀tì 50 lọ. Owó rẹ̀ kò tó owó àǹkárá tí a wọ̀ wá síbí lónìí. Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹni tó bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó má rò pé òun ti tọ́jú rẹ̀. Fóònù á sọnù, ohùn náà á bá a lọ.

Ìkánjú tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2019, UNESCO àti IASA ké gbàjarè pé nígbà tó bá fi máa di 2025, ọ̀pọ̀ ohùn tó wà lórí okùn mágínẹ́ẹ̀tì ló lè di ohun tí a kò lè gbọ́ mọ́, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ tó ń kà á ń tán nílẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì ń darúgbó. Ní ìlú Konakirí ní orílẹ̀-èdè Gínì, ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ní àkójọ okùn ohùn láti ìgbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1958, títí kan ti Syliphone, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí ìjọba Sékou Touré dá sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí láti Ọsirélíà, Graeme Counsel, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó tì wọ́n ní 2008 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ètò kan tí British Library ń darí. Nígbà tí ó máa fi parí, orin 9,410 ló ti di fáìlì. Ẹ rò ó wò: rédíò ìjọba ni ìyẹn, wọ́n ní yàrá, wọ́n ní òṣìṣẹ́, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí ó bọ́. Ti ilé wa kò ní yàrá. Agolo mílíìkì ló ní.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Gínì ní ohun kan tí àwa kò ní: orúkọ wà lára ọ̀pọ̀ okùn wọn. Níbi báǹkì, bí owó bá wọlé tí a kò mọ orúkọ ẹni tó ni ín, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ná an. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú kásẹ́ẹ̀tì ilé 33 tí a gbà, mẹ́jọ péré ló ní àkọlé kankan. Méjì nínú mẹ́jọ náà, “Ti Bàbá” ni wọ́n kọ sí i. Bàbá ta ni? Ohùn mọ́ gaara, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohun tí à ń ṣe báyìí ni pé tí a bá ti gba kásẹ́ẹ̀tì kan tán, a máa ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ àgbà kan, a ó tẹ̀ ẹ́ sí wọn létí, a ó sì gba ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú: ta ni, agboolé wo, ọdún wo, kí ni wọ́n ń ṣe.

A gbé ìṣẹ́jú mẹ́rin tiwa lọ bá àgbà onílù kan ní Ṣakí níbí. A kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Ìyá àgbà wa kò tíì sọ gbólóhùn méjì tí wọ́n fi gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí a dá a dúró. Wọ́n ní: “Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.” A ní, bàbá, ohùn obìnrin ni. Wọ́n ní kì í ṣe obìnrin ni àwọn ń wí, ìlù ni. Wọ́n fi ìka lu orí tábìlì bí ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe máa ń fi ọwọ́ òsì fún ọsán dùndún ní ìparí ọ̀rọ̀, tí kò sí ẹlòmíràn nínú ìdílé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mọ ọwọ́ ọmọ ìyá wọn. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sọ agbo tí wọ́n jọ lọ lù. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè obìnrin kejì, èyí tó ń gbà á lẹ́nu ìyá àgbà, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti fò lọ. Wọ́n ní kí a padà wá lẹ́yìn ọjà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn yóò ti rántí.

Iṣẹ́ dí wa. Ìparí oṣù ni, ẹ̀yin tí ẹ ń bá báǹkì dá owó pọ̀ mọ bí ìparí oṣù ṣe ń rí. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta. Ìgbà tí a máa débẹ̀, àwọn ọmọ wọn ló ń kí wa káàbọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ìwé ìkéde òkú lára ògiri.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ta ló ni ohùn, torí wọ́n ti bi wá. A kò ní gbé orin ẹnikẹ́ni sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi pa owó. Àwọn ti ọjà ní ẹni tó ni wọ́n. Òfin Nàìjíríà, Copyright Act 2022, dá ààbò bo ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, ó sì ní ibi tó sọ nípa iṣẹ́ àbáláyé pẹ̀lú. Nítorí náà, 46 yẹn, ẹ̀dà fún ìpamọ́ nìkan ni a ṣe, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó wá jókòó gbọ́ ọ. Ti ilé, ìdílé ló ni ín. Tí ìdílé bá ní ká má fi sí etí àlejò, a kò ní fi sí i. Ìrèmọ̀jé wà nínú kásẹ́ẹ̀tì méjì. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ mọ̀ pé níbi ìpà ọdẹ ni wọ́n ń sun ún, wọn kì í fi ṣe eré. Àwọn ọdẹ ní kí a tọ́jú rẹ̀, kí a má tẹ̀ ẹ́ sí gbangba, a sì ti fi èdìdì sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ pásítọ̀ àti ọ̀kan tó jẹ́ alífà ti bi wá pé ṣé kì í ṣe ìbọ̀rìṣà ni à ń kó jọ. A dá wọn lóhùn pé ohùn ìyá wọn àti ti bàbá wọn ni à ń kó jọ. Àwọn méjèèjì ti mú kásẹ́ẹ̀tì wá láti ìgbà náà, ti alífà ló sì pọ̀ jù: wákà ni gbogbo rẹ̀, ó dùn jọjọ.

Ní báyìí, ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i pé kí a ra ẹ̀rọ kejì, kí a gbé e sí Ìsẹ́yìn, kí àwọn ará Òkèhò àti Ìgànná má bàa máa rìn jìnnà. Ẹ̀dà mẹ́ta ni a ń ṣe fún kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ìdílé, ọ̀kan fún ẹgbẹ́, ọ̀kan tó máa wà ní ìlú mìíràn, kí iná ilé kan má bàa jó gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì ilé, àpótí wà ní ẹnu ọ̀nà lónìí, àwọn ọ̀dọ́ méjì wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ẹ kò ní fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Wọn yóò kọ orúkọ yín, fóònù yín àti ohun tí ẹ rò pé ó wà nínú rẹ̀, a ó sì pè yín wá jókòó ti ẹ̀rọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú tirẹ̀, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì ṣàyẹ̀wò ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wá. Tí ike kékeré méjì yẹn bá ṣì wà, ẹ ṣẹ́ ẹ.

A ti bẹ àwọn onílù pé kí wọ́n dánu dúró lẹ́yìn oúnjẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. A óò fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn sí i láti inú ẹ̀rọ ńlá. Àbúrò bàbá wa jókòó níwájú yìí, àwọn tó wọ aṣọ òfì aláró yẹn, àwọn ni ìyàwó ọjọ́ náà. Ìyá àgbà wa ni ohùn àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ le díẹ̀. Obìnrin kejì ni a ń wá. Ohùn rẹ̀ tinrín, ó máa ń mí kí ó tó wọlé, ó sì dárúkọ agboolé kan tí ariwo adìẹ bò mọ́lẹ̀. Àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ ní bóyá ará Ìgbòho ni, nítorí bí ó ṣe ń fa ọ̀rọ̀; àwọn ará Ìsẹ́yìn ní tiwọn ni. Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí tí ẹ wà ní ṣíṣe ọmọge tàbí ìyàwó tuntun ní 1984, ẹ bá wa gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó kàn na ọwọ́ sókè níbi tó jókòó sí, àwa la máa gbé maíìkì wá bá a.